Ohun Tó Ń Sùn Láàárín Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mo ra ìpara ẹsẹ̀ kan ní ọjà New Benin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò gùn ju ìka àárín ọwọ́ mi lọ. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà nínú kẹ́místì náà bóyá kò ṣi owó pè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ tètè rà á o. Tẹ́ ẹ bá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó yìí ò ní rà á mọ́." Mo sanwó.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìbíní, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, tí irun orí mi ṣì kún, náírà mẹ́fà ni mo ń san lóṣù fún yàrá kan ní Ogida, yàrá tó ní fèrèsé méjì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni ọkọ̀ ń gbà láti Ikpoba Hill dé àárín ìlú, awakọ̀ á sì tún dúró dè ọ́ tó bá rí i pé o ń sáré bọ̀. Agolo ìpara ẹsẹ̀, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ènìyàn nímú, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, tí àwọn àgbà ìgbà náà ṣì ń pè ní ṣílè kan àbọ̀.

Owó kọ́ ló ń dùn mí. Gbogbo nǹkan ló ti gòkè, mo sì ti dàgbà kọjá ẹni tí í bá ọjà jà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìpara oníṣílè kan àbọ̀ yẹn máa ń wo ẹsẹ̀ sàn. A ó fi pa á, yóò ta wá, a ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ dùn wá rí. Èyí tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà ti sọ fún mi kí n tó lọ rà á pé ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè má ṣiṣẹ́.

Àwa mẹ́rin la jọ di arúgbó nílùú yìí. Ilẹ̀ Yorùbá ni gbogbo wa ti wá, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ló gbé wa wá. Ọ̀kan wá ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó sì ṣe é títí ó fi di ọ̀gá ẹ̀ka. Máníjà la ń pè é títí di òní. Ọ̀kan kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama; òun ni Tíṣà. Ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní New Benin. Òun ni Télọ̀. Èmi, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ni wọ́n sì gbà mí sí, ni wọ́n bá sọ mí ní Agíríìkì. Mo ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, orúkọ náà kò bá mi fẹ̀yìn tì.

Ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ogida ló so wá pọ̀. Kì í ṣe pé inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Níbẹ̀ ni a ti lè kọrin ní èdè ìyá wa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gbáko tí etí wa fi ń gbọ́ èdè Ẹ̀dó àti pijin, a sì dúró. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun náà kì í wọ bàtà mọ́, láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí dé ilé ìjọsìn, títí yóò fi padà. Nígbà tí a wà lọ́dọ̀ọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ ó rí wa lówùúrọ̀ Sunday, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìwé, tí a ń rìn lórí ilẹ̀ pupa Ìbíní láìwọ bàtà, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń tẹ̀lé wa, tí wọ́n ń fara wé orin wa. Lójò, àwọn obìnrin ìjọ á fi omi fọ ilẹ̀ inú ilé ìjọsìn nítorí ẹrẹ̀ tí a gbé wọlé. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì náà kì í gbẹ títí ìsìn á fi parí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣíwájú Àjíǹde, àwọn àgbà ìjọ máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n tiwa ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn. A kì í da omi náà nù kí ó tó kárí. Àwo tánńganran ńlá kan ni, tówẹ́ẹ̀lì funfun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù, tí í ṣe Máníjà, yóò kúnlẹ̀, yóò wẹ ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́, yóò nù ún, ti èkejì yóò tẹ̀lé e bọnú omi kan náà, títí yóò fi kárí, kí ẹnì kan tó wá wẹ ti Máníjà náà. Àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ní kí wọ́n pààrọ̀ omi ti sọ pé ẹ̀gbin ni arákùnrin òun. Lọ́dún kan, àlejò kan láti ìlú mìíràn rọra béèrè bóyá a kò ní omi mìíràn. Tíṣà wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Nínú wa," ló wí, "ẹsẹ̀ ta ni kò mọ́ lójú yín, sà?"

Ọkùnrin náà ká etí ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Àjíǹde kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ìwẹsẹ̀, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Mo rí Télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ ha etí búlọ́ọ̀kù kan, ó ń ha á, ó ń di ojú bí ẹni tó ń lá oyin.

Máníjà ní, "Télọ̀, ìsìn ti parí o. Ijó wo ló kù?"

"Ijó kọ́, Máníjà. Nǹkan kan ló ń jẹ mí láàárín ọmọ ìka."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ náà?"

Mo ní, "Tèmi kò jẹ́ kí n sùn lánàá."

Ni gbogbo wa bá na ẹsẹ̀ síwájú, tí a ń yẹ ọmọ ìka wò bí ẹni ń yẹ àgbàdo wò lọ́jà. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí: awọ àárín ìka ti funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, ó sì ń ṣí kúrò. Òórùn kan ń ti ibẹ̀ jáde tí kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í lọ.

Télọ̀ ní, "Ìyá mi á sọ pé ekòló ló jẹ mí."

"Ekòló Ìbíní yìí kò mọ àgbà," ni Máníjà dáhùn. "Ó yẹ kó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ mi."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo máa ń rántí ẹ̀rín yẹn.

Tíṣà ló mú ìpara wá ní Sunday kejì. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ló júwe rẹ̀ fún un. Ìpara oníṣẹ́ mẹ́ta, bó ṣe pè é nìyẹn: ọ̀kan ń pa ohun tó ń hù lára awọ, ọ̀kan ń pa kòkòrò, ọ̀kan ń pa yíyún. Ó fún un sí ọwọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín oúnjẹ Olúwa. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹsẹ̀ gbogbo wa ti dákẹ́. Télọ̀ gbàdúrà fún Tíṣà lójú ìjọ. A kò pa á mọ́ nígbà tí yíyún ti tán. Kí ni ènìyàn ń pa ìpara fún nígbà tí nǹkan kan kò yún un?

Ó padà. Nígbà tó padà, kò dúró sí àárín ìka. Ó gun òkè ẹsẹ̀, ó ṣe òbìrí bí ìgbà tí wọ́n fi ẹnu ife tẹ ara ènìyàn. A tún fi ìpara náà pa á, ó tún dákẹ́. Ó tún padà, òbìrí náà sì ti fẹ̀ sí i. Tíṣà ní tirẹ̀ ní itan, kò sì sọ fún wa títí ó fi pẹ́, ojú ń tì í. Bí ọdún náà ṣe ń lọ, àkókò tó fi ń dákẹ́ ń kúrú sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó nínú mi pé nǹkan yìí kì í kú tí a bá pa á. Ó ń sùn ni, ó sì ń jí pẹ̀lú agbára ju ti tẹ́lẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ́ wa nípa ohun tó ń mú iṣu jẹrà nínú àká. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, kì í gbóhùn sókè. Ó fi oúnjẹ sínú àwọn àwo gíláàsì kéékèèké, ó gbin nǹkan náà sínú wọn, ó sì bu oògùn díẹ̀ sí i. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ kú. Ó mú ìwọ̀nba tí kò kú, ó tún gbìn wọ́n, ó fi kún oògùn. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí sáà ẹ̀kọ́ fi ń lọ sópin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí a dúró yí tábìlì rẹ̀ ká nínú kóòtù funfun, àwa ọ̀dọ́ tí ayé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó ṣí àwo ìkẹyìn. Oògùn tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó láti pa gbogbo ti àkọ́kọ́. Nǹkan náà hù bò ó, ó tutù yọ̀yọ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ àkùrọ̀ ni wọ́n gbìn ín sí. Mo ṣì ń gbóòórùn yàrá náà nígbà mìíràn, spíríìtì àti ewé tútù, tí àárò ìgbà náà á sì sọ mí.

Mo sọ ìtàn yìí fún wọn lábẹ́ máńgòrò.

Télọ̀ ní, "Agíríìkì, ẹsẹ̀ là ń sọ, iṣu lo gbé wá."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Máníjà wí. "Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ fi wá gún iyán."

Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi sì ń yún mi bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìpara ló kan oògùn gbígbé mì. Kẹ́místì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Télọ̀ a máa wọn oríṣiríṣi pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, funfun, aláwọ̀ ewé, pupa. A kì í béèrè orúkọ wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ kò ní lo ìyókù tán; ṣé kó máa fi oògùn ṣòfò ni? Yóò dì í, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹni tí tirẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá oògùn kan lè ti ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ sọ́dọ̀ mi, kó ti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ Máníjà, kó tó tán. Ìfẹ́ ará la pè é, ìfẹ́ ará náà sì ni. Bí a ṣe dàgbà nìyẹn: ẹni tó bá dá oògùn lò nígbà tí ẹnì kejì ń jẹ̀rora, ahun ni.

Àtọ̀gbẹ wà lára Máníjà láti ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wa mọ̀, òun ló ń mu tíì láìní ṣúgà láàárín wa. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, tí kò mọ̀ mọ́ bí nǹkan bá gún un. Láàárín ìka kékeré ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, níbi tí nǹkan náà ti rọ awọ rẹ̀, ojú ibẹ̀ là, bí ilẹ̀ ṣe ń là lẹ́ẹ̀rùn. Ó ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe láti kékeré sí ojú ọgbẹ́: ó ra kápúsù pupa-àti-yẹ́lò, ó ṣí i, ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí a gbá lọ́dọ̀ọ́, àdá tó ṣá wa, abẹ́rẹ́ tó gún Télọ̀, ìyẹ̀fun yẹn la dà sí gbogbo rẹ̀, ó sì gbẹ. Kí ló dé tí èyí kò ní gbẹ?

Òjò ọdún náà kò fẹ́ràn Ogida. Omi dúró lójú títì títí ó fi dà bí odò. Ní Sunday kan, mọ́tò Máníjà kò lè kọjá, ó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé etí aṣọ sókè, ó wọ́ omi dúdú náà kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí mi. Èmi náà juwọ́ sí i.

Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá Dádì sọ̀rọ̀ o. Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́."

Nígbà tí mo wọlé, Máníjà wà lórí àga rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí, ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ bò ó. Gbogbo fèrèsé ló wà ní ṣíṣí, síbẹ̀ òórùn náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń gbọ̀n díẹ̀.

"Agíríìkì," ló wí, "ṣé o wá kí mi ni, àbí o wá gba ẹsẹ̀ mi lọ?"

Mo ní, "Ṣí i kí n wò ó."

"Kí lo fẹ́ wò? Ṣé iṣu ni?"

Ìyàwó rẹ̀ kò dúró. Ó fa ìró náà kúrò. Ẹsẹ̀ náà ti wú títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń dán, ó pupa pọ̀ mọ́ dúdú, ìyẹ̀fun yẹ́lò sì ti lẹ̀ mọ́ àárín ìka rẹ̀ bí ẹ̀bà tó gbẹ sára ìkòkò. Ìlà pupa kan ti ń gun ojúgun rẹ̀ lọ sókè. Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ kan lé èjìká mi, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà á wọlé kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, Ìbíní ni wọ́n bí i sí; ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, pijin ló fi ń dá wa lóhùn. Ó wẹ ojú egbò náà, ó fi òwú gba nǹkan níbẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lóògùn láti inú iṣan. Oògùn àkọ́kọ́ kò dá ìlà pupa náà dúró. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìlà náà ń gòkè. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ó wá bá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èmi, Tíṣà àti Télọ̀, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

"Daddy," ló wí fún Máníjà, "wetin you dey put for this leg before?"

Máníjà sọ fún un. Ìpara oníṣẹ́ mẹ́ta. Oògùn inú ọ̀rá. Kápúsù.

"Na only you dey use am?"

A ń wo ẹsẹ̀ ara wa. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí gbogbo wa bọ́ bàtà. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà mẹ́ta ṣe tò jókòó sórí bẹ́ńṣì inú wọ́ọ̀dù, tí a na ẹsẹ̀ síwájú bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ yẹ èékánná wọn wò. Aláìsàn kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí ojú dókítà, ó dákẹ́. Dókítà fi abẹ ha awọ díẹ̀ lára ẹsẹ̀ wa sínú bébà, tèmi, ti Tíṣà, ti Télọ̀, ó sì ṣàlàyé fún wa.

Nǹkan méjì ló wà lára Máníjà, ó ní: èyí tó ṣílẹ̀kùn àti èyí tó wọlé. Èyí tó ṣílẹ̀kùn jẹ́ ìbátan làpálàpá, bí olú ló ṣe ń hù. Ẹ̀ka kẹta inú ìpara wa, èyí tó ń pa yíyún, kò pa á rí. Ńṣe ló ń ní kí àwọn ọlọ́dẹ ara lọ sùn, kí yíyún lè dákẹ́, olè sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ilé. Èyí tó wọlé jẹ́ kòkòrò mìíràn, òun ló ń jẹ ẹran ẹsẹ̀ náà báyìí. Oògùn tí kò tó, oògùn tí a kò lò tán, ìyẹ̀fun tí a bù sí ojú egbò, gbogbo rẹ̀ kàn ń kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn tí kò lágbára kú, àwọn tó kù bímọ. Púpọ̀ nínú oògùn tí ilé ìwòsàn ní kò ràn wọ́n mọ́. Mo gbójú sílẹ̀. Mo tún rí àwo gíláàsì yẹn, bó ṣe tutù yọ̀yọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kù kúrú. Tí wọn kò bá gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún kí ìlà náà tó kọjá ibẹ̀, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, Máníjà yóò sì kú.

Máníjà ní rárá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún ẹni tó wá yá owó láìní onídùúró. Ó ní kí wọ́n wá oògùn mìíràn. Ó ní ọmọ òun tó wà lókè òkun lè fi ránṣẹ́. Ó ní kí ìjọ gbàdúrà. Ìjọ gbàdúrà. Tíṣà bẹ̀ ẹ́, Télọ̀ sunkún lójú rẹ̀. Èmi jókòó tì í, mo ní, "Máníjà, ó ti dé ìdajì ojúgun."

Ó wò mí. "Agíríìkì, kí ni n óò fi kúnlẹ̀?"

Mo fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí a ti gbé e dé, òun ló ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti tú egbò, òun ló ń fọ aṣọ tí omi egbò bá kàn. Ó dìde níbi tó ti ń ká aṣọ, kò sì pariwo.

"Dádì, ẹsẹ̀ kan ni wọ́n ní kí n lọ sin. Mo lè sin ẹsẹ̀. Mi ò tíì ṣetán láti sin ọkọ. Ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i.

Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ tí a gé fún ẹbí ní tòótọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí nítòsí, àwa mẹ́ta ni wọ́n gbé e fún, nínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n dì ní ìdì méjì. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ ṣí i, ó fún wa ní ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Télọ̀ ti rán àpò funfun kan sílẹ̀ láti inú aṣọ ìjọ, gígùn rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Kò wọn ẹsẹ̀ náà rárá. Ó ti ń rán ṣòkòtò fún Máníjà láti ọjọ́ pípẹ́, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí. A gbẹ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà ìjọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò sì ti ṣú. Ilẹ̀ náà rọ̀, omi ń sun sínú kòtò bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ. A gbé e sí i. A wá dúró.

Télọ̀ ní, "Tíṣà, gbàdúrà."

"Àdúrà wo? Àdúrà òkú? Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ṣì ń jẹ ẹ̀kọ ní wọ́ọ̀dù."

"Ṣáà sọ nǹkan. Ní kó sùn ire."

Tíṣà wo inú kòtò náà títí. Ó ní, "Agíríìkì, ohun tó wà lára rẹ̀ yẹn, ṣé ó ń kú nínú ilẹ̀?"

Mo kà nípa ilẹ̀ ní yunifásítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní n kò mọ̀. Kò sí ẹni tó ní kó sùn ire mọ́. A kó yẹ̀pẹ̀ bò ó kíákíá nítorí òjò tó ń bọ̀, a bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀kan, a tún fọ̀ ọ́, Télọ̀ sì ń fọ tirẹ̀ lọ nígbà tí àwa ti ṣe tán.

Máníjà kò kú. Ibi tí wọ́n gé sàn, ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn. Èsì awọ tí dókítà ha lára wa náà dé: nǹkan kan náà ni, lára gbogbo wa, oògùn gbígbé mì tí àwọn ènìyàn mọ̀ kò sì ràn án. Ó fún wa ní òmíràn tó le, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wa wò nítorí rẹ̀, ó sì búra pé ẹni tó bá dá a dúró lọ́nà tàbí tó fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀, kó má padà wá bá òun. Ní ìjọ, àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ omi ìwẹsẹ̀. Àwọn kan ní ohun mímọ́ kì í kó àrùn ranni. Àwọn kan kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń fi ẹsẹ̀ kan ha èkejì lábẹ́ àga. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Ní oṣù tó kọjá, ìyàwó Máníjà tún pè mí. Ó ní awọ ti ń funfun láàárín ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ òun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó kù. Máníjà ti lo oògùn náà bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, kò fo ọjọ́ kan. Dókítà tún ti ha á lọ fún àyẹ̀wò, ó sì ní kí gbogbo wa máa fi ìpara tí mo rà yìí ti oògùn náà lẹ́yìn títí èsì yóò fi dé. A ń retí rẹ̀.

Nínú àwa tí a jọ jókòó sábẹ́ máńgòrò yẹn, Télọ̀ kò sí mọ́. Àyà ló dùn ún nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kì í ṣe ẹsẹ̀; àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ ní òbìrí náà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Tíṣà wà láàyè, ó ń gbé ní Ikpoba Hill lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í lo tówẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ mi ti kú tipẹ́. Èmi wà láàyè. Máníjà wà láàyè, mo bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní kí n má gbàgbé àtiwá ní Sunday. Ìyàwó rẹ̀ náà wà láàyè. Òun ló gbé fóònù kó tó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó sì sọ fún mi, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà nítòsí gbọ́, pé nǹkan kan ti ń yún òun ní ọrùn ọwọ́, ó sì rí róbótó.